Ẹsẹ̀ Tó Ń Bọ́ Fóònù

Ìyàwó mi máa ń sọ pé òun kò ní láti wo ojú mi kí òun tó mọ bí inú mi ṣe rí. Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ́. Bí ara bá rọ̀ mí, màá máa tẹ màṣíìnì mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń mi ọmọ lórí itan. Bí inú bá ń bí mi, ẹsẹ̀ mi á máa já: á tẹ̀, á dúró, á tún tẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà mí, kò ní dúró rárá. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé ní Williamsville, ládùúgbò kan ní Abidjan, aṣọ tí a ta sáàárín ló pín ibi tí mo ti ń ránṣọ kúrò lára ibi tí à ń sùn, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè fi ohun tó ń ṣe mí pamọ́. Á dùbúlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ, á pariwo pé, "Ta ló tún ṣẹ̀ yín lónìí?" Èmi á ní kò sẹ́nì kankan. Á ní, "Ẹsẹ̀ yín ti sọ fún mi."

Èmi kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Èjìgbò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo máa ń jókòó sídìí màṣíìnì láìfi aṣọ sí i, kí n kàn máa tẹ̀ ẹ́ ṣeré. Igi tí a fi ń wọn aṣọ ló fi ń na ẹsẹ̀ mi, títí tí òfin iṣẹ́ fi wọ̀ mí lára: a kì í tẹ màṣíìnì lófo. Aṣọ ni oúnjẹ eyín tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́; bí kò bá rí aṣọ jẹ, ara rẹ̀ ni yóò jẹ. Títí di òní, bí mo bá kàn fẹ́ dán bẹ́líìtì wò lásán, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ki àkísà bọ abẹ́ abẹ́rẹ́. Mo tètè sọ èyí nítorí pé òfin yẹn ló kó mi sí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ ìyàwó mi lára ní Abidjan. Nígbà ti àkọ́kọ́, a ò mọ nǹkan kan. Mo rán ẹ̀wù ọmọ mẹ́fà kalẹ̀, mo tò wọ́n sínú báàgì, inú mi ń dùn. Àwọn àgbà ilé wa máa ń sọ pé a kì í ránṣọ de ọmọ tí ojú ò tíì rí, ṣùgbọ́n èmi rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní màṣíìnì nílé ni. Nígbà tí oyún náà wálẹ̀ ní oṣù keje, ìyàwó mi kó ẹ̀wù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún obìnrin kan tó ń ta ẹja gbígbẹ ní ìta wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kò bá mi wí. Ì bá sàn kó bá mi wí.

Ti èkejì ló burú jù. Lọ́jọ́ náà mo lọ sí Zone 4 ní òdìkejì ìlú, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní ilé oúnjẹ, tó fẹ́ kí n wọn gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí n lè rán aṣọ iṣẹ́ fún wọn. Iná ti tán nínú fóònù mi kí n tó jáde nílé. Mo ní kò burú, tí mo bá dé, màá ṣáájì rẹ̀. Mo wọn ìbàdí, mo wọn èjìká, mo bá wọn ṣàwàdà, mo jẹ ẹja díndín tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi. Gbogbo ìgbà yẹn, ìyàwó mi ń pè mí. Àwọn ará àgbàlá ló gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí mo débẹ̀ pẹ̀lú tépù ìwọnṣọ lọ́rùn mi, ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ: "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni." Ó yíjú sí ògiri. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yẹn kéré. Ó ti bú mi ju bí gbogbo ìdílé rẹ̀ ṣe lè bú mi lọ.

Bí oyún kẹta ṣe dé, ìyá rẹ̀ ò gbà mọ́. Ó gbéra láti Èjìgbò, ó wọkọ̀ gba Cotonou, ó gba Lomé, ó gba Accra, ó wá mú ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún mi níwájú gbogbo àgbàlá pé, "Ọkọ ọmọ mi, mi ò bá ọ jà o. Mo kàn fẹ́ gbé e lọ síbi tí mo ti lè fi ojú mi ṣọ́ ọ." Ó yẹ kí n tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n mo ti gba iṣẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ akọrin kan, ogójì ẹ̀wù funfun tí wọ́n máa fi ṣe ọdún Àjíǹde, mo sì ti gé ìdajì rẹ̀. Iṣẹ́ tí télọ̀ bá ti gé, kò ṣeé gbé jù sílẹ̀. Mo sin wọ́n dé ibùdókọ̀ Adjamé. Ariwo àwọn ọmọ ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní gbaka kò jẹ́ ká gbọ́ra wa, ìyàwó mi ní láti yọ orí síta lójú fèrèsé ọkọ̀.

Ó ní, "Bó bá ti kù díẹ̀, màá pè yín. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ sáà jẹ́ kí n gbọ́ yín."

Mo ní, "Wàá gbọ́ mi."

Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí fóònù yẹn kú o."

Mo búra fún un. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n mi, níbẹ̀ nínú epo dúdú àti èèpo ọsàn.

Wọn ò tíì pẹ́ nílé tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní Abidjan. Ìlú tí iná kì í lọ! Àwọn tó ń ṣe é ní iná ò tó mọ́, pé àwọn máa pín in láti àdúgbò dé àdúgbò. Délestage ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é. Lónìí wọ́n á mú tiwa láàárọ̀, lọ́la ó lè jẹ́ ọ̀sán títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìwé tí wọ́n sì fi pín in, wọn kì í tẹ̀ lé e. Àwọn ará àgbàlá wá ń bi èmi tí mo ti Nàìjíríà wá léèrè bí a ṣe ń ṣe é nílé tiwa, bíi pé òkùnkùn ni iṣẹ́ tí mo kọ́. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Bátìrì fóònù mi ti gbó, kì í lo ọjọ́ kan kó má kú. Gbogbo ìṣẹ́jú ni mò ń yọ ọ́ wò.

Àwọn kan wà ní Adjamé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń bá èèyàn ṣáájì. Wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á lẹ nọ́mbà mọ́ ọn, wọ́n á gbé e sáàárín ọgọ́rùn-ún fóònù mìíràn, wọ́n á ní kó o padà wá nírọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Tí ìyàwó mi bá pè ní ọ̀sán ńkọ́? Mo gbé tèmi kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo dúró tì í. Mo dúró débi pé ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bínú, ó ní, "Kôrô, on va pas manger ton portable! Va t'asseoir." Ó ní àwọn ò ní jẹ fóònù mi, kí n lọ jókòó. Mo fa fóònù mi yọ, ìlà iná kan ṣoṣo ló tíì wọ inú rẹ̀, mo gba ọ̀nà ilé lọ pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ náà ni mo ti pàdé ará Èjìgbò kan tó ń tún rédíò ṣe lábẹ́ agboòrùn. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ dúró sí ẹsẹ̀ mi tó ń jó nílẹ̀ láìsí ìlù.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lẹ̀ ń lò àbí oníná?"

Mo ní ẹlẹ́sẹ̀ ni.

"Ẹ wá ń yí táyà látàárọ̀ dalẹ́, ẹ sì tún ń wá iná kiri ìlú?"

Ó bá mi délé lọ́jọ́ kejì. Ó mú dáínámò kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, irú èyí tí a fi ń tan iná iwájú kẹ̀kẹ́ nígbà èwe wa, ó dè é mọ́ ẹsẹ̀ màṣíìnì kí orí rẹ̀ lè máa fara kan táyà ńlá tó wà nísàlẹ̀. Ó yọ àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ kan nínú rédíò tó ti kú, ó jó wọn pọ̀ sínú agolo tòmátì kan, ó ní àwọn ni kò ní jẹ́ kí iná náà ba fóònù jẹ́. Ó fa wáyà jáde, ó ki ẹnu rẹ̀ bọ fóònù. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́. Mo ki àkísà bọ abẹ́ abẹ́rẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù tàn, ó ké "tín-ín!", ìlà iná bẹ̀rẹ̀ sí í gùn lójú rẹ̀. Mo pariwo débi pé àwọn ọmọ àgbàlá sáré wọlé. Ẹsẹ̀ mi tí wọ́n fi igi nà ní Èjìgbò, òun ló ń ṣe iná yìí!

Ará Èjìgbò náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró, òun náà á dúró o."

Mo ní, "Ta ló fẹ́ dúró?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sinmi mọ́. Dáínámò náà mú kí màṣíìnì wúwo, orúnkún mi ń ro mí, màṣíìnì sì ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Àtìẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tiwọn níbẹ̀, ni mò ń fi ọwọ́ kan jẹ tí ọwọ́ kejì ń ti aṣọ lọ. Mo ta epo ẹja sí àyà ẹ̀wù akọrin kan báyìí, mo ní láti tú gbogbo iwájú rẹ̀, kí n tún òmíràn gé. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó lẹ́nu géètì á máa pè mí, "Vieux père, tu es enjaillé de machine-là ou bien?" Wọ́n ní ṣé ìfẹ́ màṣíìnì ló ń pa mí. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí mo bá jẹ́ kí ẹsẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ báyìí, màá máa rí ìlà iná náà bó ṣe ń já lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò dára. Nígbàkigbà tí mo bá dúró láti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tàbí láti yí aṣọ padà, iná á gé. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀, fóònù á ké "tín-ín" láti fi hàn pé ó ti ń jẹun padà. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, tín-ín, tín-ín. Ìyá tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin náà ló ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi. Olùkọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àgbàlá ń pè é ní Maîtresse. Porto-Novo ni àwọn baba rẹ̀ ti wá ṣiṣẹ́ akọ̀wé fún àwọn Faransé láyé àtijọ́. Yorùbá rẹ̀ ti gbó, Faransé sì ń wọ inú rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ kan tó ń kọ́ àwọn obìnrin mẹ́ta lórin lábẹ́ igi máńgòrò, ó já wọ yàrá mi.

Ó ní, "Mon fils, kí ló wà nínú màṣíìnì yìí? Ẹyẹ ni? Et puis il chante faux! Ohùn rẹ̀ ò bá orin wa mu!"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Fóònù ni mò ń fún lóúnjẹ. Ìyàwó mi lè pè nígbàkigbà."

Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó mọ̀ nípa méjèèjì tó lọ. Òun wà lára àwọn tó gbé e dé ọsibítù lọ́jọ́ tí mo wà ní Zone 4. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó gbàdúrà sókè: "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Mo ní àmín. Ó jáde lẹ́nu mi bí ẹni ń jà.

Ó ní, "Amen, mais coupe-moi cet oiseau. Pa ẹyẹ yẹn lẹ́nu mọ́ fún mi."

Nítorí ti ìyá yìí ni mo ṣe pa ohùn fóònù, tí mo yí i sí èyí tó kàn máa ń gbọ̀n. Mo fi í sápò àyà ẹ̀wù mi kí n lè mọ̀ ọ́n lára bó bá gbọ̀n, wáyà sì nà láti àyà mi dé ìsàlẹ̀ màṣíìnì, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Ogójì ẹ̀wù tí mo dá oṣù kan àti ààbọ̀ fún, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi rán wọn tán. Maîtresse ò gbà mí gbọ́. Ó yí inú wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa gbogbo ojú rírán wọn wò, ó ń wá ibi tí mo ti rẹ́ ẹ jẹ. Kò rí i. Ó kó aṣọ lọ, ọwọ́ mi sì ṣófo. Ìgbà yẹn ni mo wá rí wàhálà tí mi ò rò tẹ́lẹ̀: kò sí aṣọ tí mo lè rán mọ́, oníbàárà ò sì wá nítorí pé délestage ti ba iṣẹ́ tiwọn náà jẹ́. Bí kò bá sí aṣọ, mi ò lè tẹ màṣíìnì. Bí mi ò bá tẹ màṣíìnì, fóònù á kú.

Ẹ máa sọ pé kí n kàn yọ òwú, kí n gbé irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, kí n máa yí táyà lófo. Ará Èjìgbò náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbà. Kò tíì yí táyà ní ìgbà mẹ́wàá tí mo ti ń retí igi ọ̀gá mi lójúgun. Mo wá ń lọ láti yàrá dé yàrá, mò ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n ní aṣọ tó ya. Mo lẹ ṣòkòtò fún àwọn ọ̀dọ́ ẹnu géètì náà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣẹ́ etí aṣọ ìnura. Mo ṣẹ́ etí aṣọ ibùsùn wa tí etí rẹ̀ ti wà ní ṣíṣẹ́ láti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó yá, àwọn ará àgbàlá bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn pamọ́ bí wọ́n bá rí mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó mi pè. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun láti àárọ̀, pé ìyá òun ní ó lè jẹ́ ọ̀la. Mo bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Ó ní, "Ẹ má bi mí. Ẹ sáà wà níbẹ̀." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná lọ ní Williamsville kí n tó fọ ojú tán.

Mo jókòó sídìí màṣíìnì, mo fi fóònù sápò, mo so wáyà. Ohun tó kù nílé ni àjákù aṣọ àwọn akọrin, wẹ́wẹ́ funfun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán wọn pọ̀, èyí mọ́ ìyẹn, kí ẹsẹ̀ sáà lè ríṣẹ́ ṣe. Mi ò wo ohun tí mò ń rán. Ọkàn mi wà ní Èjìgbò, nínú yàrá ìyá rẹ̀ tó ní fèrèsé kan. Àmọ́ ọwọ́ télọ̀ kì í mọ bí a ṣe ń ránkúrán. Nígbà tí mo wolẹ̀, mo rí ẹ̀yìn ẹ̀wù, mo rí àyà ẹ̀wù, mo rí ọrùn kékeré tí mo ti yí po. Ẹ̀wù ọmọ ni.

Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo mú bíléèdì, mo tú gbogbo rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, mo sì gé ara mi níka. Mo kó o jù sí igun. Mo yọ fóònù wò: ìlà iná méjì ló kù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ku ọ̀kan. Mo gbé ẹsẹ̀ lé màṣíìnì, kò sí nǹkan lábẹ́ abẹ́rẹ́. Mo gbé e kúrò. Àkísà tí mo máa ń lò, mo ti rán an títí ó ti le bí pákó. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Òfin ọ̀gá mi wà ní ọ̀tún, òfin àwọn àgbà wà ní òsì, ìlérí tí mo ṣe ní ibùdókọ̀ Adjamé sì wà láàárín, ìlà iná kan péré ló gbé e ró.

Mo lọ kó àjákù náà padà. Mo sọ̀rọ̀ sókè, èmi nìkan nínú yàrá. Mo ní, "Má bínú, ọmọ. Fóònù ni mò ń bọ́. Kì í ṣe ìwọ ni mò ń ránṣọ dè." Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi orí balẹ̀, mo fi àyà ti tábìlì màṣíìnì, mo ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Mi ò dúró mu omi. Mo rán èjìká, mo rán ẹ̀gbẹ́, mo kó apá kan sí i.

Ọ̀sán ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ nígbà tí mo gbọ́ tí àgbàlá hó yèè: "Courant est venu!" Iná ti dé. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò. Gbogbo ara mi ṣì ń gbọ̀n, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú gbaka tó gba ojú títì jágajàga. Mo yọ fóònù. Kò sí ìpè kankan tí mo pàdánù lójú rẹ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́ wọ inú ibi tó ń to àwọn ìpè sí, kí ọkàn mi sáà lè balẹ̀ dáadáa. Nọ́mbà ìyá ìyàwó mi ló wà lókè. Kì í ṣe pé mi ò gbé e. Mo gbé e. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ìpè náà fi wà lórí afẹ́fẹ́.

Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé mi. Fóònù gbọ̀n láyà mi, ṣùgbọ́n àyà mi náà ń gbọ̀n, màṣíìnì ń gbọ̀n, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èwo ni èwo? Etí tábìlì tí mo fi àyà tì ló tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ìyàwó mi pè mí ní wákàtí tó le jù láyé rẹ̀, mo gbé e, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìgbà èkejì rèé. Mo pe nọ́mbà náà. Wọ́n ní kò sí lórí afẹ́fẹ́. Mo pe ti ìyàwó mi. Kò sí lórí afẹ́fẹ́. Nàìjíríà ni, iná ò sí lọ́dọ̀ wọn náà, fóònù wọn ti kú. Fóònù tèmi kún dẹ́nu, kò sì sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ bọ́ tiwọn lọ́hùn-ún. Mo figbe ta.

Maîtresse sáré wọlé. Ó rò pé òkú ni mo gbọ́. Mo ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń já lẹ́nu mi. Ó ní, "Assieds-toi." Mi ò lè jókòó. Mo rìn dé géètì, mo padà, mo dé ìdí máńgòrò, mo padà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Nígbà tí mo tún wọlé, ó ti rí ẹ̀wù náà lórí màṣíìnì. Ó gbé e sókè, ó wò ó, ó wò mí. Ojú tì mí bí olè tí wọ́n mú.

Mo ní, "Màmá, mo mọ̀ pé a kì í ṣe é."

Ó ní, "Chez nous aussi. Lọ́dọ̀ tiwa náà, a kì í ṣe é." Ó ká ẹ̀wù náà, ó fi í sínú dúrọ́ọ̀ màṣíìnì, ó tì í. Ó jókòó tì mí láìsọ̀rọ̀ títí ó fi tó àkókò orin rẹ̀. Ìyẹn dẹ́rù bà mí ju èébú lọ. Mo rò ó pé òun náà ti gbà pé ẹ̀wù mi ti tún kó bá ọmọ náà.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́mbà tí mi ò mọ̀ pè. Mo gbé e kó tó gbọ̀n tán.

"Ẹ̀yin ni?" Ohùn ìyàwó mi ni, ó rọ̀, ó ti há.

Mo ní, "Jọ̀ọ́, má bínú. Mi ò mọ̀. Fóònù wà láyà mi, mi ò gbọ́, Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò ..."

"Ẹ dúró ná."

"Mo búra fún ọ, mi ò sì ..."

"Mo ní ẹ dúró. Ẹ gbọ́."

Mo gbọ́ nǹkan kan tó ń ké, tínrín, tó ń bínú. Ó ké, ó sinmi díẹ̀, ó tún ké. Mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀. Ìyàwó mi ní obìnrin ni. Ó ní ó jọ mí, kò lè dúró sójú kan.

Mo ń sunkún. Mo ní, "O pè mí, mi ò dá ọ lóhùn."

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Màmá fẹ́ pa fóònù nígbà tí kò gbọ́ ohùn èèyàn, mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ yín. Mo ní kí wọ́n gbé e sétí mi." Ó mí díẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ ò dúró rárá. Mo wá ń rò ó pé, tí mi ò bá tètè bí ọmọ yìí, orúnkún bàbá rẹ̀ á yẹ̀. Nígbà tí owó tán nínú fóònù, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí."

Mo gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, tí wọ́n ń da omi. Ìyàwó mi wá bi mí, jẹ́jẹ́:

"Ẹ ti parí ti àwọn akọrin. Ẹ sọ fún mi níjọ́sí. Aṣọ wo lẹ̀ ń rán lánàá?"

Mo lè parọ́. Ṣòkòtò ẹnì kan, aṣọ ìnura, ìró lásán. Mo wo dúrọ́ọ̀ màṣíìnì.

Mo ní, "Ẹ̀wù rẹ̀ ni."

Ó dákẹ́ pẹ́ débi tí mo fi yọ fóònù létí, mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ti gé. Kò gé. Àwọn ìṣẹ́jú àáyá ń lọ lójú rẹ̀. Mo ń rántí báàgì ẹ̀wù mẹ́fà nì, mo sì mọ̀ pé òun náà ń rántí rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ ti kó apá sí i?"

Mo ní, "Ọ̀kan ṣoṣo."

"Ẹ kó èkejì sí i," ló wí. "Ẹ má pa fóònù."

Mo fa dúrọ́ọ̀, mo yọ ẹ̀wù náà. Mo gbé fóònù sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, mo ki aṣọ bọ abẹ́ rẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ lé e.